Alẹ́ méjì péré ni mo ní, Màmá wà ní Òmù-Àrán, ọ̀rẹ́ mi wà ní Ìlọrin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á tán kí ẹ tó dá mi lóhùn, torí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti sùn dáadáa lórí rẹ̀.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ títí mo fi wọ yunifásítì. Màmá Òkè ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ojú wọn ò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọdún kan àtààbọ̀ nìyí tí mo ti rí wọn kẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ṣé o ò ní í mú ọmọ yẹn wá kí n fọwọ́ kan ojú rẹ̀ ni?"

Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ìlọrin. Yàrá kan la jọ gbé ní Òkè-Odò, Tánkẹ̀, fún ọdún mẹ́ta nígbà tí a wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Àwo kan la fi ń jẹun. Lọ́dún tí a ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, ibà dá mi gúnlẹ̀, òun ló ń fi kòrópe gbé mi lọ gba abẹ́rẹ́, òun ló ń fọ aṣọ mi. Ọmọ Ìlọrin ni, Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì sì ni èmi. Kò sí ọjọ́ kan tí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Tí àwẹ̀ bá dé, èmi ni mo máa ń jí i fún sààrì, torí oorun tirẹ̀ wúwo.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí a ti fojú kanra. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ kú. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́. Mi ò lọ. Mo pè é, mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo ní mò ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di ọdún, ojú wá ń tì mí láti pè. Lóṣù tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju pé, "Tó o bá ń gba Ìlọrin kọjá lọ sílùú yín, ṣé o lè sùn lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ kan? Mo kàn fẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà.

Wàyí o, wọ́n fún mi láàyè níbi iṣẹ́ ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo sì gbọ́dọ̀ padà dé ẹnu iṣẹ́. Alẹ́ Jímọ̀ àti alẹ́ Àbámẹ́ta nìkan ni mo ní. Èmi fúnra mi ni màá wakọ̀, èmi àti ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ mi ò ní lè bá wa lọ.

Ibi tó ti le rèé. Màmá Òkè kì í gbà kí ọmọ wọn wá sí Kwara kó lọ sùn níbòmíràn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wálé ìgbéyàwó kan tó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, oṣù mẹ́rin ni wọn ò fi gbé ìpè rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi àti àwọn la jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Tí mo bá sun alẹ́ méjèèjì lọ́dọ̀ Màmá, kí ló kù fún ọ̀rẹ́ mi? Tí mo bá pín in, ta ni kó ṣáájú? Ọ̀nà wo ni kí n gbà? Kí sì ni ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ lọ bá opó tí kò kí láti ọdún méjì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ẹni pé àbúrò yín gan-an ni mí.

Òtítọ́ Korò

Mo kà á tán. Òmù-Àrán ni kó o kọ́kọ́ lọ. A kì í wọ ilẹ̀ baba ẹni ká kọ́kọ́ yà sílé ọ̀rẹ́. Tó o bá sun Ìlọrin lálẹ́ Jímọ̀, ẹnìkan yóò rí ọkọ̀ rẹ, yóò sì ti pe Màmá kó o tó jí. Ìgbómìnà ni wá, àwa náà mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn láàrin wa. Sun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kó o fi Àbámẹ́ta yà kí ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tó o bá ń padà. Wákàtí mẹ́ta tó fún ìkíni.

Ìyá Ìbejì Àdéwọlé

Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mẹ́ta ò tó. Obìnrin yìí ò ní kí wọ́n wá kí òun, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun wá sùn.

Àbúrò mi, Ìlọrin ni mo ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Àdéwọlé níhìn-ín. Ọkọ tèmi náà ti kú, ọdún kẹfà nìyí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Tí ọkọ bá kú, ilé máa ń kún títí wọn yóò fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ pẹ̀lú tákàbà rẹ ló kù, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí o ò ní í sùn síta, tí o ò ní í lo òórùn dídùn, tí o ò ní í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ènìyàn ṣì máa ń wá nígbà yẹn torí wọ́n mọ̀ pé o wà nílé. Ọjọ́ tí tákàbà bá parí, gbogbo ayé á gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì ló le jù fún mi, torí kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè orúkọ ọkọ mi. Wọ́n rò pé tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, màá sunkún. Bẹ́ẹ̀ ẹkún yẹn ni mo ń wá.

Torí náà, má rò pé o ti pẹ́ jù. Ìgbà tó yẹ lo fẹ́ lọ yìí. Má kó àpò ìrẹsì wá láti fi bo ojú tó ń tì ẹ́. Mú ohun tó mọ níwọ̀n dání, ìwé kíkà tàbí bàtà fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó o bá mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn, kó o sì sùn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, bi í pé, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́. Tó o bá fẹ́ ṣàdúrà, "Ọlọ́run á foríjìn ín, á sì tẹ́ ẹ sí àlùjáńnà" ti tó. Kò sóhun tó ṣe ẹ gẹ́gẹ́ bí Kìrìsìtẹ́nì tó o bá sọ ọ́.

Tákàbà rẹ̀ ti parí tipẹ́, òun náà lè jáde kó rìnrìn àjò. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹkún ni mo fi kà á. Ọlọ́run á tẹ́ àwọn náà sí afẹ́fẹ́ rere. Orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an ni mo ti ń sá fún láti ọdún méjì.

Awakọ̀ Ìlọrin–Òmù

Àǹtí mi, iṣẹ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe, ojú ọ̀nà ni màá sọ̀rọ̀ lé. Ti ìbátan àti ọ̀rẹ́, àwọn àgbà á yanjú ẹ̀.

Ẹ má gba ọ̀nà kan náà lọ kí ẹ tún gbà á bọ̀. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, ọ̀kan nìyẹn. Èkejì, tí ẹ bá kúrò ní Òmù-Àrán, ẹ ó kọjá Òró, ẹ ó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ibẹ̀ lọ̀nà ti pín: ọ̀kan lọ sí Ìlọrin, ọ̀kan lọ sí Ọ̀fà. Tí ẹ bá mú ti Ọ̀fà, kò pẹ́ tí ẹ ó fi bọ́ sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun, Òkukù, Ìkìrun, Òṣogbo, kí ẹ tó dorí kọ Ìbàdàn. Tí ẹ bá fi ọ̀kan lọ tí ẹ fi èkejì bọ̀, ẹ ti yí ilẹ̀ náà po láìpadà sẹ́yìn. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ mú ni yóò sọ ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Tó bá jẹ́ Ìlọrin lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ẹ kúrò ní Ìbàdàn láago mẹ́fà àárọ̀. Kì í ṣe títì nìkan ni mò ń rò. Jímọ̀ ni. Láti nǹkan bí aago méjìlá, ọkọ̀ àti ènìyàn á ti bo agbègbè Ọjà Ọba àti ààfin Ẹ́míà, gbogbo wa la ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá. Ẹ wọ ilé kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ má sún mọ́ àárín ìlú rárá títí aago mẹ́ta.

Láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán, tí ẹ bá ti jáde ní Gànmọ, tí ẹ kọjá Ìdọ́fìàn, tààrà ni. Bíi wákàtí kan àtààbọ̀, tí ẹ ò bá sáré. Ohun kan tí màá tẹnu mọ́ nìyí, Àǹtí: ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú títì. Èmi tí mo mọ gbogbo kòtò ibẹ̀, mi ò rìn ín lálẹ́ mọ́, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Ọmọ wà nínú ọkọ̀ yín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tí ẹ ó sùn ni kí ẹ wà.

Òtítọ́ Korò

Awakọ̀, o ṣeun. Ṣé o rí i, àbúrò, ọ̀nà Ọ̀fà ni kó o gbà lọ ní Jímọ̀, kó o sun Òmù-Àrán, kó o wá bọ́ sí Ìlọrin ní Àbámẹ́ta. Màmá ló ṣáájú, o sì tún sun ilé ọ̀rẹ́ rẹ. Ó tán.

Bàbá Tíṣà Ọ̀fà

Kò tíì tán, Òtítọ́. O gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá sun Ìlọrin lálẹ́ Àbámẹ́ta, ta ni yóò di Màmá lọ́wọ́ mú lọ sílé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò? Arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, tí ọmọ tó tọ́ fẹ́ mú wọlé níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀! Ọmọ mi, ohun tí Màmá ń retí nìyẹn ju oorun lọ.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn òbí àgbà ni mo máa ń bá yanjú ọ̀rọ̀ jù. Àgbàlagbà kì í sábà bínú sí ohun tí wọ́n bá a sọ ṣáájú. Ohun tó ń dùn ún ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí o bi ẹ̀gbọ́n rẹ tó sun òtẹ́ẹ̀lì: ṣé ó pe Màmá kó tó gba yàrá? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò pè.

Torí náà, pè wọ́n lónìí, má dúró di Ọjọ́bọ̀. Má lo ẹnu ọmọ Ìbàdàn, má sọ pé ètò rẹ báyìí ni. Sọ pé, "Màmá, ẹ gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi tó tọ́jú mi nígbà àìsàn, ọkọ rẹ̀ kú, mi ò lọ kí i láti ọdún méjì. Kí ni kí n ṣe?" Jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dá ẹjọ́ náà. Tí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ lọ kí opó, wọn ò ní lè bínú sí àṣẹ tí wọ́n fúnra wọn pa. Tí wọ́n bá sì ní rárá, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Màmá náà ti fẹ́ ọkọ rí, àbí? Ṣé ọkọ wọn ṣì wà láyé?

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Rárá sà, ọkọ wọn ti kú kí wọ́n tó gbà mí tọ́. Mi ò tiẹ̀ rò ó dé ibẹ̀ rí. Opó ni Màmá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pè wọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í.

Ọmọ Ẹ̀sìẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ń gbé bọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ní ti ìgbádùn. Tí ẹ bá dé Òró, ẹ bèèrè ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́, kò jìnnà sójú títì. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin, obìnrin, àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání, irun orí wọn dì létòlétò bíi ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Àwọn bàbá ńlá wa bá wọn nínú igbó ni. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n sì di òkúta. Ìta ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa wọn títí di 1933, nígbà tí alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ kan, òyìnbó, kọ̀wé nípa wọn.

Mo ti rí ọmọ Ìbàdàn tó wọ ibẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rí i nígbà tó ṣì kéré. Èmi ò mọ ìlú mìíràn ní Kwara tó ní irú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú Màmá ló mú mi dá sí i. Ẹ ní kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ ojú náà wò? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà níhà ọ̀dọ̀ wa ló gbà pé ọjọ́ orí ni, tí wọ́n á sì jókòó sínú òkùnkùn. Nígbà mìíràn, ohun funfun ló bo inú ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ kékeré ló sì máa ń yọ ọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jókòó síwájú wọn ní ọ̀sán, kí oòrùn tàn sí wọn lójú, kí ẹ wo dúdú ẹyinjú bóyá ó ti funfun bí omi ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n bóyá ìmọ́lẹ̀ mọ́tò máa ń fọ́n ká lójú wọn lálẹ́. Ohun yòówù kó jẹ́, kí dókítà ojú rí wọn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Òyì ní ẹ̀ka ojú. Ẹ má ra oògùn ojú tí wọ́n ń kiri lọ́jà kán sí wọn lójú, mo bẹ yín.

Ti ẹ̀bùn: ẹ má kó bisikíìtì àti mílíìkì aládùn lọ kí ẹ tó bèèrè bóyá ṣúgà wà lára wọn. Ìró tó fúyẹ́, ọṣẹ, ìpara ẹsẹ̀, bàtà tí kì í yọ̀. Ta ló ń tọ́jú wọn nílé? Ẹ mú tirẹ̀ dání lọ́tọ̀, kí ẹ fún un nígbà tí kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé omi ìwẹ̀ Màmá lóòjọ́ ni ọpẹ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn.

Ìyá Ìbejì Àdéwọlé

Nọ́ọ̀sì, o káre. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Tó o bá fẹ́ gbé wàrà lọ fún Màmá láti Ìlọrin, àárọ̀ tó o máa lọ ni kó o rà á, pẹ̀lú omi rẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní máa ń fi oje ewé bòmubòmu mú mílíìkì náà dì, tí wàrà bá sì kúrò nínú omi rẹ̀ nínú ooru yìí, yóò kan. Tó o bá dé, kí wọ́n dín in lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Kò le, àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń lọ lè jẹ ẹ́.

Àbúrò, ṣé o ti pe Màmá?

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Mo pè wọ́n lálẹ́ àná. Bí Bàbá Tíṣà ṣe ní kí n sọ ọ́ ni mo sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́, mo rò pé ìpè ti já. Wọ́n wá ní, "Ọdún méjì? Ọdún méjì, o ò lọ kí opó?" Wọ́n bá mi wí gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Sun ọ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Àárọ̀ Àbámẹ́ta, kó o mú un wá kí n rí i."

Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Kò ní lè sùn ní Òmù-Àrán nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun á bá wa lọ, òun á sì wọ ọkọ̀ padà ní ọ̀sán. Ẹ fi àdúrà tì wá lẹ́yìn.

*

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Ẹ káalẹ́ o. A ti lọ, a ti bọ̀. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la kúrò ní Ìbàdàn ní Jímọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo wọ Gáà-Àkànbí níbi tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Ó dúró lẹ́nu géètì. Ó ti rù. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì sínú orí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, ìkúnlẹ̀ ni mo kúnlẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó ní kí n dákẹ́, ó ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ mi bẹ̀rù ni. Ó ti se àmàlà, wàrà sì pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ẹran lọ. Ó rántí pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo bi í bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n bi í. Mo dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí orí ń fọ́ ọ, bí wọ́n ṣe gbé e lọ, ohun tó sọ kẹ́yìn nípa owó ilé ìwé ọmọ. Aago méjì òru ti kọjá ká tó sùn. Ohun kan tó sọ ni kò ní í kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ọkọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ mi ṣe lẹ́yìn tí a kúrò ní Òkè-Odò, òun ló máa ń jí i fún sààrì. Láti àwẹ̀ tí ọkọ ti kú, aago ló ń jí i. Yóò jí, yóò jẹun ní ìdákẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ti sọ fún un pé láti àwẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá máa pè é láago mẹ́rin. Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi.

Ní Àbámẹ́ta, a yà ní Ẹ̀sìẹ́. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́, ẹ ṣé gan-an. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bá ọkọ̀ ilé ìwé lọ síbẹ̀ rí nígbà tí a wà ní ọdún kejì, a ti gbàgbé. Ọmọ mi ń bèèrè bóyá àwọn òkúta náà ní orúkọ. Ó fẹ́ ká sọ ọ̀kan lórúkọ Màmá Òkè.

Nígbà tí a dé Òmù-Àrán, Màmá ò kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n ní, "Opó náà dà?" Wọ́n fọwọ́ tọ ojú ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fọwọ́ tọ ojú ọmọ mi, èmi ni mo kẹ́yìn. Wọ́n mú un wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì bèèrè. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú àwọn méjèèjì ti wú, ebi ń pa wọ́n. Iyán ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí gárééjì, aago mẹ́ta ò tíì lù nígbà tó wọ ọkọ̀ Ìlọrin.

Ọjọ́ Ìsinmi, Màmá gbà ká lọ sí ìsìn àkọ́kọ́. Wọ́n dì mí lápá mú láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìjókòó iwájú, wọ́n ń rọra rìn kí gbogbo ènìyàn lè rí wa.

Awakọ̀ Ìlọrin–Òmù

Alhamdulillahi. Ṣé ọ̀nà Ọ̀fà lẹ gbà bọ̀?

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Òun ni. Aago mọ́kànlá la kúrò. Mo ra ọ̀dùnkún ní Ọ̀fà, a ò tún dúró níbì kankan àfi Òṣogbo. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo wọlé.

Bàbá Tíṣà Ọ̀fà

O ra ọ̀dùnkún wa. Ọlọ́run á máa bá ẹ gbé.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ojú Màmá ńkọ́? Ṣé ẹ wò ó ní ọ̀sán bí mo ṣe sọ?

Ọmọ Òmù n'Ìbàdàn

Mo wò ó. Ti ọ̀tún ti funfun, ti òsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú wọn ní láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti máa ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Mo sọ ti Òkè-Òyì, wọ́n ní àwọn ò lọ, pé ta ni yóò dúró ti àwọn ní Ìlọrin, pé àwọn ò ní ẹbí níbẹ̀.

Láàárọ̀ òní ni ọ̀rẹ́ mi pè mí. Màmá ti pe òun fúnra wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Òun ni yóò mú wọn lọ rí dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kó tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àwọn, pé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ilé rẹ̀ ni àwọn yóò sùn.